“Iṣẹ́” Nínú Èdè Yorùbá: Orírun àti Onírúurú Ìtumọ̀ Rẹ̀ Lẹ́nu Àwọn Ará Ìkẹjà àti Agége

Ìfáárà

Bóyá ni ọ̀rọ̀ kan wà tí ó tètè ń dé etí ọmọ Yorùbá tó “iṣẹ́”. Ọmọ tí kò tíì mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì ti mọ̀ pé wọ́n ń rán òun níṣẹ́. Síbẹ̀, bí a bá ní kí olùkọ́ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà fún kíláàsì, kíá ni ó máa ń di ohun tí apá kò ká. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó lọ kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní agbègbè Maryland mú ìwé ọmọ kan wá fún wa wò. Wọ́n ní kí àwọn ọmọ náà kọ gbólóhùn kan lórí iṣẹ́ tí òbí wọn ń ṣe. Ọmọ yìí kọ ọ́ pé, “Ìyá mi kò ṣiṣẹ́, wọ́n ń ta àkàrà.” Olùkọ́ kíláàsì náà gbà á fún un.

Ẹni tí ó bá mọ àwọn alákàrà tí ó wà lẹ́bàá títì láti Mende títí dé Ọ̀rẹ́gùn mọ̀ pé aago mẹ́rin ìdájí kò bá wọn lórí ibùsùn. Gbogbo ẹni tí ó bá kọjá níwájú agbada wọn ni ó ń kí wọn pé, “Ẹ kú iṣẹ́ o”, tí wọ́n sì ń dáhùn. Báwo ni a ṣe ń kí ènìyàn kú iṣẹ́ ní òwúrọ̀ tí a wá ń kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọ̀sán pé kò ṣiṣẹ́? Àpilẹ̀kọ yìí yóò wá ìdí ìbéèrè yìí láti inú ọ̀rọ̀ náà gan-an. Èrò wa ni pé ìtumọ̀ “iṣẹ́” tí ó gbilẹ̀ jù ní agbègbè Ìkẹjà àti Agége lónìí, èyí tí ó fi iṣẹ́ ṣe ohun tí ẹlòmíràn fi síni lọ́wọ́ tí ó sì ń sanwó lé lórí lóṣooṣù, kì í ṣe ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ náà, àti pé kò yẹ kí olùkọ́ Yorùbá máa fi kọ́ni bí ẹni pé òun nìkan ni ó wà.

Ohùn àti orírun

Bí a bá kọ “ise” láìfi àmì sí i, ó kéré tán ọ̀rọ̀ mẹ́rin ni ó fara pamọ́ sábẹ́ rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni iṣẹ́ tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Èkejì ni ìṣẹ́, èyí tí í ṣe àìní àti òṣì. Ẹ̀kẹta ni ìṣe, ohun tí ènìyàn ń ṣe tàbí tí ó ti mọ́ ọn lára. Ẹ̀kẹrin ni ìsẹ́, kí ènìyàn sọ pé òun kò ṣe ohun tí ó ṣe. Ẹ wo gbólóhùn yìí: “Ise lo n da a laamu.” Kò sí ẹni tí ó lè mọ̀ bóyá iṣẹ́ ni ó pọ̀ jù fún ẹni náà ni tàbí ìṣẹ́ ni ó ń bá a fínra, bẹ́ẹ̀ sì ni ohun tí a ó ṣe láti ràn án lọ́wọ́ yàtọ̀ síra pátápátá. Ní àwọn àdúgbò tí wọn kò ti ya “s” sọ́tọ̀ kúrò lára “ṣ” nínú ọ̀rọ̀ ẹnu, ọ̀rọ̀ tún ń le sí i.

Mẹ́ta nínú mẹ́rin yìí ni a lè tú palẹ̀ láìsí wàhálà. Ṣe ni ó bí ìṣe, sẹ́ ni ó bí ìsẹ́, ṣẹ́ ni ó sì bí ìṣẹ́, ọ̀rọ̀-ìṣe ṣẹ́ yìí náà ni a ń gbọ́ bí a bá ní “ìṣẹ́ ń ṣẹ́ ẹ.” Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ kan náà, ì- olóhùn ìsàlẹ̀, ni ó sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di ọ̀rọ̀-orúkọ. “Iṣẹ́” kò bá wọn rìn. Ohùn àárín ni ó wà lórí fáwẹ́lì tí ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àwọn kan máa ń sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé inú “ṣe” ni ó ti jáde nítorí pé a máa ń ṣe iṣẹ́. Mi ò gbà. Fáwẹ́lì “ṣe” kì í ṣe “ẹ”, ohùn rẹ̀ kì í ṣe ohùn òkè, àfòmọ́ rẹ̀ kò sì bá ti ìṣe mu. Ohun tí ó bọ́gbọ́n mu ni kí a gba “iṣẹ́” gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ ìpìlẹ̀ tí ó dá dúró, bí ilé àti irọ́. Ní ẹ̀ka-èdè Èkìtì, níbi tí wọ́n ti ń pe ilé ní “ulé”, “uṣẹ́” ni wọ́n ń pè é.

Ìtúpalẹ̀ mìíràn wà tí ó gbajúmọ̀ ju ti girama lọ. Nínú dánfó tí ó ń lọ sí Ìkẹjà ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, kì í ṣọ̀wọ́n kí a gbọ́ ẹni tí yóò sọ pé “òṣìṣẹ́” kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan, pé òṣì àti iṣẹ́ ni wọ́n lẹ̀ pọ̀. Ẹ̀rín ni ó ń pani, owó oṣù sì jẹ́ kí ó jọ òótọ́. Ohun tí ó tì í lẹ́yìn ni ohùn ìsàlẹ̀ tí ó wà lórí “ṣì”, nítorí pé bí a bá sọ “ṣe” mọ́ “iṣẹ́”, “ṣiṣẹ́” olóhùn àárín ni a ń rí. Níbo wá ni ohùn ìsàlẹ̀ náà ti wá? Ẹ jẹ́ kí a wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. A ní “purọ́”, ẹni tí ó ń ṣe é sì ni òpùrọ́. A ní “mutí”, ẹni tí ó ń ṣe é sì ni ọ̀mùtí. Ní ibi méjèèjì, ohùn ìsàlẹ̀ tí ó wà lórí àfòmọ́ ran sílébù olóhùn àárín tí ó tẹ̀ lé e. Ohun kan náà ni ó ṣẹlẹ̀ sí òṣìṣẹ́. Ní ti “òjíṣẹ́”, ohùn òkè tí ó wà lórí “jẹ́” kò gbà kí àrànmọ́ yìí wáyé. Kò sí òṣì kankan nínú òṣìṣẹ́ bí kò ṣe èyí tí a fi ẹ̀fẹ̀ kó sí i. Ṣùgbọ́n kí olùkọ́ má ṣe fi ìbínú lé ẹ̀fẹ̀ náà dànù ní kíláàsì. Ó dára láti fi kọ́ àrànmọ́ ohùn ju ọ̀pọ̀ àpẹẹrẹ tí ó wà nínú ìwé lọ.

Iṣẹ́ tí a ń ṣe àti iṣẹ́ tí a ń jẹ́

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti jinlẹ̀ jù ni pé òun kan náà ni a fi ń pe làálàá, òun náà ni a sì fi ń pe ọ̀rọ̀ tí a fi rán ènìyàn sí ẹlòmíràn. A ń ṣe iṣẹ́. A sì ń rán iṣẹ́, a ń jẹ́ iṣẹ́. Ṣé ọ̀rọ̀ kan onítumọ̀ méjì ni, àbí ọ̀rọ̀ méjì tí ìró wọn ṣèèṣì dọ́gba?

Ẹni tí ó bá fẹ́ pín wọn sí méjì ní ẹ̀rí kan tí ó lágbára: ọ̀rọ̀-ìṣe tí wọ́n ń bá rìn yàtọ̀. A kì í “ṣe” iṣẹ́ tí bàbá fi rán wa sí ọ̀rẹ́ rẹ̀. A ń jẹ́ ẹ ni. A kì í sì í “jẹ́” iṣẹ́ káfíńtà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọmọ tí a ní kí ó sáré lọ ra iyọ̀ wá. Kò sí ọ̀rọ̀ tí ó fẹ́ sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹsẹ̀ ni yóò fi rìn, ọwọ́ ni yóò fi gbé e. Làálàá gidi ni, bí ó tilẹ̀ kéré. Síbẹ̀, Yorùbá kò ní ohun mìíràn tí wọ́n ń wí ju pé a rán an níṣẹ́, ó sì jẹ́ ẹ. Ibí yìí ni ìtumọ̀ méjèèjì ti so pọ̀. Òwe tí ó sọ pé bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, tọmọ ni à ń fi jẹ́ ẹ, kò sọ fún wa bóyá ọ̀rọ̀ ni wọ́n fi rán ẹni náà tàbí oko ni wọ́n ní kí ó lọ ro. Kò sì nílò láti sọ. Ohun tí òwe náà ń wò ni pé ẹnìkan ni ó fi í lé ẹnìkan lọ́wọ́, àti irú ọgbọ́n tí ẹni tí a fi í lé lọ́wọ́ yóò lò.

Bí ètò ìlú ṣe rí nígbà àtijọ́ náà ti èyí lẹ́yìn. Àwọn ìlàrí tí Aláàfin ń rán jáde láti Ọ̀yọ́, ẹnu ọba ni wọ́n ní àwọn ìlú tí ó wà lábẹ́ rẹ̀; àwọn náà ni ojú ọba tí ń wo bí ìlú ṣe ń lọ, wọ́n sì tún ń bá a gba ìṣákọ́lẹ̀. Ta ni yóò la iṣẹ́ wọn sí méjì, kí ó ní ibí ni ọ̀rọ̀ parí sí, ibí ni làálàá ti bẹ̀rẹ̀? Ọ̀rọ̀ náà “ìránṣẹ́” tilẹ̀ sọ ìtàn tirẹ̀. Bí a bá tú u palẹ̀, ẹni tí a rán níṣẹ́ ni, ṣùgbọ́n nínú Bíbélì tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther jẹ́ aṣáájú nínú ìtumọ̀ rẹ̀, tí odindi rẹ̀ jáde ní 1884, ẹni tí ó ń sin ọ̀gá ni “ìránṣẹ́”. “Oníṣẹ́” ni wọ́n fi sílẹ̀ fún ẹni tí ó ń gbé ọ̀rọ̀ rìn. Àwọn Mùsùlùmí ń pe Ànábì ní Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun. Nígbà tí fóònù alágbèéká sì dé orílẹ̀-èdè yìí ní 2001, tí àwọn oníròyìn ń wá orúkọ fún ọ̀rọ̀ tí a ń tẹ̀ ránṣẹ́, “àtẹ̀jíṣẹ́” ni ó fìdí múlẹ̀. Ìtumọ̀ tí ó gbọ́jọ́ lórí jù ni wọ́n fi sọ ohun tí ó tuntun jù.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni a gbà pé “iṣẹ́” jẹ́. Ohun tí a fi síni lọ́wọ́ tí ó gbọ́dọ̀ di ṣíṣe ni ìpìlẹ̀ rẹ̀, yálà ẹlòmíràn ni ó fi í síni lọ́wọ́ tàbí ènìyàn ni ó yàn án fún ara rẹ̀.

A kò ní pẹ́ lórí àwọn ìtumọ̀ yòókù. Iṣẹ́ lè jẹ́ ìwà tí ó ní èrè tàbí ẹ̀san, bí iṣẹ́ rere àti iṣẹ́ láabi. Ó lè jẹ́ ohun tí àwọn ọ̀tá fi ọwọ́ òkùnkùn ṣe síni, èyí tí à ń pè ní iṣẹ́ ayé. Ó wà nínú iṣẹ́ abẹ ti àwọn dókítà, iṣẹ́ ọnà, iṣẹ́ ìyanu àti iṣẹ́ àṣetiléwá. Ti ẹ̀rọ nìkan ni ó yẹ kí a fi ọ̀rọ̀ kan kún. Ẹ̀rọ tí ó dára “ń ṣiṣẹ́”, èyí tí ó bàjẹ́ “kò ṣiṣẹ́”. Ìlò yìí ti wá ran oògùn báyìí, tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń sọ pé oògùn kan kò ṣiṣẹ́ lára àwọn. Lẹ́nu àwọn àgbàlagbà, oògùn ń jẹ́ ni tàbí kò jẹ́, gẹ́gẹ́ bí òjíṣẹ́ ṣe ń jẹ́ iṣẹ́ tí a rán an. Ó dùn mí díẹ̀ pé “jẹ́” yìí ń lọ.

Láti oko kòkó dé ẹnu géètì

Báwo wá ni ọ̀rọ̀ tí ó gbòòrò báyìí ṣe di tóóró? Ilẹ̀ tí a ń gbé yìí mọ̀ nínú ìtàn náà. Yorùbá ní orúkọ fún oríṣi ọ̀nà tí ènìyàn fi lè bá ènìyàn ṣiṣẹ́: àáró tí ọ̀gbà ń ṣe fún ọ̀gbà ní ìyípo, ọ̀wẹ̀ tí a bẹ ẹbí àti ará sí, ìwọ̀fà tí gbèsè fa ọmọ sí, àti àgbàṣe tí a ń gbà ṣe fún owó. Ohun tí ó yẹ kí a ṣàkíyèsí ni pé èyí tí a ń sanwó fún gan-an ni ó ní orúkọ ọ̀tọ̀. “Alágbàṣe” ni ẹni tí ó ń ṣe é. Kò sí ẹni tí ó rò pé òun nìkan ni ó ń ṣiṣẹ́, kí ẹni tí ó ń ro oko ara rẹ̀ jẹ́ aláìníṣẹ́.

Agége wà lára ibi tí àgbàṣe ti kọ́kọ́ di ńlá. Àwọn olóko bí J. K. Coker ní Ìfàkò gbin kòkó lọ sùà, wọ́n dá Ẹgbẹ́ Àwọn Olóko Agége sílẹ̀ ní 1907, àwọn lébìrà tí wọ́n gbà ni wọ́n sì ń tọ́jú oko náà. Ojú irin tí wọ́n ṣí láti Èkó dé Ìbàdàn ní 1901 ti gba ibẹ̀ kọjá. Lẹ́yìn náà, láàárín 1950 sí 1960, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ní Ìkẹjà, tí kò tíì sí lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Èkó nígbà náà, nítorí pé ọdún 1967 ni wọ́n dá ìpínlẹ̀ náà sílẹ̀. Guinness bẹ̀rẹ̀ sí í pọn ọtí ní Ìkẹjà ní 1962. Àwọn aláṣọ, àwọn onítáyà àti àwọn oníkẹ́míkà tẹ̀ lé e. Géètì, fèrè àárọ̀ àti káàdì tí a ń tẹ̀ bí a bá ti wọlé di ara ìgbé ayé.

Ẹ wá gbọ́ àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe tí wọ́n yí “iṣẹ́” ká lẹ́nu géètì. Wọ́n ń wáṣẹ́. Wọ́n ríṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ fún wọn níṣẹ́. Wọ́n wọṣẹ́. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn. “Gbaṣẹ́” tilẹ̀ dojú méjì: ẹni tí ó gbaṣẹ́ ti rí oúnjẹ jẹ, ẹni tí wọ́n gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ti padà sílé. Nínú gbogbo wọn, iṣẹ́ ti di ohun tí ó wà níbì kan, tí ẹnìkan ni ín, tí ó lè fúnni tí ó sì lè gbà á padà. Ẹ fi wọ́n wé àwọn ti ilé ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́: a ń kọ́ṣẹ́, a mọṣẹ́, a yan iṣẹ́ láàyò, a sì ń gba òmìnira. Iṣẹ́ tí a ti mọ̀, kò sí ọ̀gá tí ó lè gbà á lọ́wọ́ ẹni mọ́.

Lójú tèmi, iṣẹ́ ẹnu géètì jọ iṣẹ́ tí a ń jẹ́ ju iṣẹ́ tí a mọ̀ lọ. Ọ̀gá rán wa, a lọ, a dé. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ni pé owó wà níbẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ Ìkẹjà ìgbà náà fúnra wọn mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìgbìmọ̀ Olóyè Simeon Adébọ̀ dá a lábàá pé kí owó kún owó òṣìṣẹ́, tí àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni kan kò fẹ́ san án, ìyanṣẹ́lódì bẹ́ sílẹ̀ ní Ìkẹjà ní ìbẹ̀rẹ̀ 1971. Adrian Peace ṣe ìwádìí láàárín àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí, ó sì gbé ìwé Choice, Class and Conflict jáde lórí wọn ní 1979. Ohun tí ó rí ni pé ọ̀pọ̀ wọn kò fẹ́ dàgbà sídìí ẹ̀rọ. Wọ́n fẹ́ fi owó oṣù kó owó òwò jọ, kí wọ́n sì kúrò láti dá dúró. Owó oṣù jẹ́ ojú ọ̀nà lọ síbi iṣẹ́ tiwọn.

Ohun tí mo rò pé ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn èyí ni pé bí iṣẹ́ olówó oṣù ṣe ń wọ́n ni ó ń gba orúkọ náà fún ara rẹ̀. Nígbà tí géètì ṣí sílẹ̀, “iṣẹ́” gbòòrò. Nígbà tí géètì ń tì, bí ti Dunlop tí ó dáwọ́ táyà ṣíṣe dúró ní Ìkẹjà ní 2008, ohun tí àwọn ènìyàn ń wá tí wọn kò rí ni ó di “iṣẹ́” gan-an, tí ohun tí wọ́n ń ṣe kí ọjọ́ má bàa lọ lásán kò fi lórúkọ mọ́. Ọ̀dọ́ tí ó gboyè jáde, tí ó ń tún fóònù ṣe ní Ìkẹjà láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí di aago méje alẹ́, yóò sọ láìrojú pé òun kò tíì ríṣẹ́.

Bí kò bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà kọjá ti èdè, a kì bá dá a dá àwọn onígirama. Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ìṣirò ìjọba. Ní ìdá mẹ́rin ìkẹyìn ọdún 2020, àjọ NBS tí ó ń ṣe ìṣirò fún ìjọba àpapọ̀ ní ìdá 33.3 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ó tó iṣẹ́ ṣe tí wọ́n sì ń wá a ni kò ríṣẹ́. Nígbà náà, ẹni tí kò bá fi ogún wákàtí ṣiṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, aláìríṣẹ́ṣe ni. Ní 2023, àjọ náà yí ìlànà padà: ẹni tí ó bá ti fi wákàtí kan péré ṣe ohun tí ó mówó tàbí èrè wá, ó ti ríṣẹ́. Wọ́n kéde ìdá 5.3 fún ìparí 2022, àti 4.1 fún ìdá mẹ́rin àkọ́kọ́ 2023. Ariwo ta. Àwọn ènìyàn ní irọ́ ni. Irọ́ kọ́, ìtumọ̀ ni wọ́n yí padà. Nígbà tí ọ̀rọ̀ kan fẹ̀, ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn bọ́ sínú rẹ̀ láìkúrò lójú kan.

Ìlànà tuntun náà kò ṣàdédé wá. Ìpàdé àgbáyé àwọn oníṣirò ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ tí àjọ ILO pè ní Geneva ní 2013 ni ó fi í lélẹ̀. Ohun tí ìpàdé yẹn sọ tí ìwé ìròyìn kò fi bẹ́ẹ̀ gbé ni pé wọ́n ya iṣẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára iṣẹ́ owó. Obìnrin tí ó ń pọn omi, tí ó ń dáná, tí ó ń tọ́jú ọmọ, ó ń ṣiṣẹ́, bí a kò tilẹ̀ kà á mọ́ àwọn tí ó gba iṣẹ́ owó. “Ẹ kú iṣẹ́” ti mọ èyí tipẹ́. A ń kí ẹni tí ó ń gúnyán, a ń kí ọmọ tí ó ń gbálẹ̀, a ń kí ẹni tí ó ń fọṣọ. Òótọ́ ni pé àwọn kan ní kíkí tiwọn, pé “àrẹ̀dú o” ni ti aláró, tí “ojú gbooro o” sì jẹ́ ti onídìrí, ṣùgbọ́n bí ẹni tí kò mọ̀ bá kí wọn kú iṣẹ́, wọn kò ní bínú.

Ohun tí olùkọ́ lè ṣe

Àkọ́kọ́, kí ó fi àmì ohùn sí ọ̀rọ̀ náà ní gbogbo ìgbà, kí ó má ṣe gba “ise” lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Èkejì, kí ó fi ọ̀rọ̀-ìṣe kọ́ ìtumọ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kó ṣe, jẹ́, rán, kọ́, mọ̀, wá, rí, gbà àti yàn sójú pátákó, tí ó so “iṣẹ́” mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìtumọ̀ yóò jáde fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé olùkọ́ há ohunkóhun sí wọn lórí. Bákan náà, ewì tí J. F. Ọdúnjọ kọ lórí iṣẹ́ nínú Aláwìíyé, èyí tí ọ̀pọ̀ wa há sórí ní kékeré, wúlò láti fi ya iṣẹ́ àti ìṣẹ́ sọ́tọ̀ nípa ohùn, bí a kò bá jẹ́ kí ó di orin lásán.

Ẹ̀kẹta ni èyí tí ó ká mi lára jù. Bí a bá fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ tí a ń gbowó rẹ̀ lóṣooṣù, a ní “iṣẹ́ olówó oṣù”. Ẹ jẹ́ kí a máa lò ó, kí a fi “iṣẹ́” sílẹ̀ fún ohun tí ó tóbi jù ú lọ. Fọ́ọ̀mù tí ilé-ẹ̀kọ́ fi ń gba ọmọ wọlé lè béèrè ohun tí òbí ń ṣe, kí ó sì tún béèrè, bí ó bá pọn dandan, ẹni tí ó gbà á síṣẹ́. Ìbéèrè méjì ni, ìdáhùn kan kò lè tó wọn. Nínú ìdánwò pẹ̀lú, a máa ń rí i tí wọ́n ń fi “aláìníṣẹ́lọ́wọ́” àti “aláìríṣẹ́ṣe” rọ́pò ara wọn. Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹni àkọ́kọ́, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo. Ẹni kejì ti wá a, kò rí i. Ó sì ṣeé ṣe kí ọwọ́ rẹ̀ má dilẹ̀ rárá.